Ohùn Inú Mẹ́mórì

Omi kún ṣọ́ọ̀bù dé orúnkún, ṣùgbọ́n Bọ́látitó kò bìkítà, nítorí omi náà kò tutù, kò sì rin ín láṣọ. Ó jókòó sídìí tábìlì tó fi ń tún fóònù ṣe ní Ìkìrun, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ mẹ́mórì kan tí kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Fóònù tó gba ohùn ìyá sílẹ̀ ti bọ́ sí kànga, kò sì síbòmíràn láyé tí a ti lè gbọ́ ohùn yẹn mọ́ àfi inú mẹ́mórì yìí. Ẹ̀rù ń ba Bọ́látitó gan-an.

Ẹ̀mú kékeré tó fi mú un bá a wí.

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwọ ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú."

"Ká ní o ní ìyá ni, ìwọ náà ì bá gbọ̀n," ni Bọ́látitó fi dá a lóhùn.

Ó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Bí ooru bá kéré, òjé tó lẹ mẹ́mórì mọ́ pátákó inú fóònù kò ní yọ́. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ohùn á jóná mọ́nú. Ó ń fẹ́ ẹ yípo, kò jẹ́ kí ooru dúró lójú kan, títí mẹ́mórì fi tú. Ó fi wáyà tó tínrín ju irun lọ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì wo inú awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Yàrá ìyá rẹ̀ ló rí níbẹ̀: ibùsùn, agolo ìpara, aṣọ tí wọ́n fi bo fèrèsé. Nígbà tó gbójú kúrò nínú awò, inú yàrá náà ló wà.

Ẹnìkan pè é láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Àwẹ̀ró!"

Oríkì rẹ̀ ni. Ìyá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, nítorí àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún un: bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́ ẹ, ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti gbà láti tẹ̀ lé e. Ó fi eyín mú ahọ́n.

"Àwẹ̀ró o!"

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í gbọ́ ìpè ìyá kó dákẹ́. Ojú tì í. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ má bínú," ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́ fún ẹnìkan tí Bọ́látitó kò rí. "Mo rò pé ilé ọmọ mi nìyí ni."

Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ohùn náà ń parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń jìnnà. Bọ́látitó kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀ ló jí i. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Bọ́látitó," ni Gbádébọ̀ wí, "ta lò ń sọ fún pé, 'Mò ń bọ̀, mà'?"