Èso Àjàrà tí Àgùntàn Sọ Lórúkọ

Mobọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ tu wáìnì ẹnu rẹ̀ sínú garawa ni, ló bá gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Yéè! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, oṣù mẹ́ta gbáko, ló ti ń sọ fún Màmá pé ìdáná lòun wà ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì yìí ní àárín Manchester, kò sọ pé wáìnì títọ́wò lòun ń kọ́. Díákónẹ́ẹ̀sì ni Màmá ní ìjọ wọn ní Ardwick. Níwájú pẹpẹ ibẹ̀ ni Mobọ́lá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá láéláé.

Irọ́ sá fún oṣù mẹ́ta, òtítọ́ wá bá a lọ́sàn-án gangan.

Carla, ọ̀gá rẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fún Màmá ní àga, ó sì ń bá ìdánwò wáìnì tó ń ṣe fún Mobọ́lá lọ. Bí Mobọ́lá bá yege, òun ni yóò máa bójú tó gbogbo wáìnì ilé náà. Bí kò bá yege, abọ́ ni yóò máa gbé lọ.

"Èwo ni wáìnì Pecorino nínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí?"

Ẹ̀rù Màmá ń ba Mobọ́lá ju ti ìdánwò lọ.

"Èkejì ni. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń ta sánsán bí ewé tútù. Orí òkè ni àjàrà rẹ̀ ti ń hù. Wọ́n ní àgùntàn àwọn darandaran ló máa ń já èso rẹ̀ jẹ lọ́nà, 'pecora' sì ni àwọn ará Ítálì ń pe àgùntàn, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Kì í so púpọ̀, ni àwọn àgbẹ̀ bá pa á tì. Díẹ̀ ló kù kó parun kí wọ́n tó tún rí i nínú oko àtijọ́ kan lókè."

Carla pàtẹ́wọ́. "Iṣẹ́ di tìẹ!" Ó wọlé lọ pe àwọn yòókù.

Mobọ́lá kúnlẹ̀ wìì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O gbé e mì?"

"Rárá mà. Mi ò gbé ẹ̀kán kan mì rí. Títu ni mo máa ń tu ú."

"Kí lo wá ń sá fún mi sí?" Màmá ṣí kúlà. "Dìde, jàre. Àgùntàn ń sọ nǹkan lórúkọ, èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí! Tètè jẹun, mo ní shift ní Wythenshawe."

Mobọ́lá dìde, ó gba kúlà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé tẹ̀ lé e, ara sì tù ú pẹ̀sẹ̀. Gbogbo ìbáwí Màmá tó ti ń gbọ́ lọ́kàn lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Màmá ò tí ì la ẹnu sọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.