Ohùn Òkè Kílárínẹ́ẹ̀tì

“N ò gbọ́ nǹkan kan. Tún un fọn.”

Ọmọ́fẹ́ mí sínú títí ìhà rẹ̀ fi fẹ̀, ó fi ikùn gbé èémí náà ró bí Ọ̀gá Olúdọ̀tun ṣe kọ́ ọ, ó sì rọra tú u sínú kílárínẹ́ẹ̀tì. Ohùn òkè náà jáde tín-ín-rín, kò gbọ̀n, kò já. Láti ọdún méjì tó ti ń kọ́ fèrè yìí lẹ́yìn iṣẹ́, kò tíì mú irú rẹ̀ jáde rí.

Ọ̀gá mirí. “Èémí rẹ ò gbé e dé òkè. Fi agbára sí i.”

Ọmọ́fẹ́ fi agbára sí i. Fèrè ké bí ewúrẹ́ tí ọ̀kadà tẹ̀ ní ìrù.

“Ẹ̀n-ẹ́n!” Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. “Òun nìyẹn!”

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú fún Ọmọ́fẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀gá fi fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ onífèrè ọlọ́pàá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wá ń kọ́ àwọn onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì ní Bódìjà. Ṣebí àwọn náà ni wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ń fipá fọn ohùn òkè, ìjà ló ń bá fèrè jà? Àbí òun ti ṣẹ̀ wọ́n ni?

“Bí kò bá dúró báyìí, Àníọlá ni yóò dá a fọn ní Sọ́ńdè,” ni Ọ̀gá wí.

Àníọlá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé Agbowó, sún mọ́ Ọmọ́fẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ti àkọ́kọ́ yẹn ló dùn jù o. Mo gbọ́ ọ ketekete.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n ní àwọn ò gbọ́?”

“Èmi náà ò mọ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àga iwájú wọn, ohùn rẹ̀ rí tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Ọ̀gá ò wò ó. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ń ṣí ìwé orin lọ ní tiwọn.

Ọmọ́fẹ́ wo fóònù náà, ó wo Ọ̀gá, ó sì gbé fèrè rẹ̀ lọ bá wọn.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan fèrè yìí.”

Wọ́n fi ìka méjì kàn án. Ọmọ́fẹ́ rọra fọn ohùn òkè náà gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára bí fèrè ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ìka wọn. Wọ́n wo ojú Ọmọ́fẹ́, wọ́n yíjú sí Àníọlá.

“Ṣé ìwọ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ, sà.”

Wọ́n jókòó.

“Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ò fọn ọ́n dáadáa mọ́ ni. Gbogbo yín.”

“Màá gba àyè níbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, sà,” ni Ọmọ́fẹ́ wí. “Màá bá yín lọ rí dókítà etí.”

Ọ̀gá tẹ́ ìwé orin síwájú rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà ká.

“Ó yá, bẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe gbọ́ ọ ni kó o fọn ọ́n.”