Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Daddy Obed

Mummy Christiana bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi ló sì fẹ́ dà lé lórí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé Mummy ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Daddy Obed, ọkọ wọn, ló gbìn ín lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Kò so rí. Ewé lásán ló ń yọ, gbàgàdà-gbagada, bí ẹni tó ń fọ́nnu tí kò ní nǹkan nílé. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, kí òtútù tó wọlé, Daddy á gé koríko, á gbá ewé, á ti táàpù ìta pa kí omi má bàa dì nínú páìpù, á wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bí ọmọ tuntun. Ní oṣù keje tó kọjá, Daddy jókòó láti tú bàtà. Ẹyọ kan ni wọ́n rí tú kí ẹ̀mí tó bọ́ lára wọn.

Láti ìgbà náà làwọn ọmọ ní Kánádà ti ń sọ pé kí Mummy ta ilé, táwọn ará ìjọ ń sọ pé kí wọ́n má tà á. Mummy gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n pè mí.

"Mùjídì, mo ti béèrè àmì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Obed bá la òtútù yìí já, mo dúró. Bó bá kú, mo ta ilé, mo padà sílé."

Èmi ni ayálégbé inú yàrá ẹ̀yìn. Arúgbó ni mò ń tọ́jú ní Woolwich. Ilé mẹ́rin ni mo ti gbé kí n tó dé ọ̀dọ̀ Mummy. Nínú ọ̀kan, ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń sùn. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn bá kú, mo tún di ará ìta. Kò sí Mùsùlùmí tó fẹ́ kí àmì Aládùúrà ṣẹ tó mi.

Ọjọ́ Sátidé, wọ́n kéde lórí rédíò pé yìnyín ń bọ̀. Mo gé koríko lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o fẹ́ fá a lórí ni?" Mummy kígbe látojú fèrèsé.

"Mummy, yìnyín ń bọ̀ o!"

"Kó máa bọ̀. Ṣé èmi ni mo pè é?"

Mo gbá ewé. Mo lọ wá bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ilé irinṣẹ́: eku ti sọ ọ́ di ilé ìgbẹ̀bí. Àmọ́ àpò ọ̀rá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sùtánà funfun, okùn búlúù àti fìlà sì wà nínú rẹ̀. Mo ní ó ní láti jẹ́ àkísà. Ta ló ń tọ́jú sùtánà gidi sáàárín ṣọ́bìrì? Mo ki ewé gbígbẹ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára, mo wọ sùtánà fún un, mo fi okùn búlúù gbà á nídìí, mo fi fìlà dé e. Mo wọlé, mo sùn bí ọmọ onílé.

Igbe ló jí mi ní ìdájí.

"Obed! Obed o!"

Mummy ti dìde fún àdúrà, wọ́n ti wọ sùtánà tiwọn, wọ́n sì wo ìta. Kí n tó jáde ní yàrá, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ máa ń ka àtẹ̀gùn kó tó gùn ún, ló ń sáré nínú yìnyín. Láìwọ bàtà o, torí wọn kì í fi bàtà sẹ́sẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yẹn. Wọ́n dì mọ́ ọn.

Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun à ń pọ́n àdá sí. Àyà ìyá àgbà lásán ló ṣẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, Mummy ti jókòó sínú yìnyín, sùtánà wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ta ló wọ̀ ọ́ fún un?"

"Èmi ni, Mummy. Ẹ forí jì mí."

"Àwọn ará ìjọ ní kí n gbé e wá ká fi sin Obed. Mo parọ́ pé mi ò rí i. Mo wá gbé e síbi tí ojú mi ò ti ní máa rí i."

Ni mo bá rántí yàrá mi.

"Mummy, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kú báyìí. Ìdí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Á tún hù."

Wọ́n wò mí. "Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi fi rán mi nílé ìwé. Ìwọ lo máa kọ́ mi?"

"Ẹ ò wá ní ta ilé mọ́, àbí?"

"Mà á tà á." Wọ́n ń gbọn yìnyín kúrò lára fìlà. "Mo ti dì mọ́ Obed, Mùjídì. Ó ti tó."

Mo gbé wọn wọlé. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ wọn, bí mo ti ń ṣe níbi iṣẹ́. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ìta.

"Ṣé o ti táàpù pa?"

Mi ò tì í.

"Lọ tì í. Kí páìpù má bàa bẹ́ mọ́ ẹni tó máa rà á lọ́wọ́."

Mo jáde. Ipa ẹsẹ̀ Mummy lọ tààrà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí èyí tó padà. Yìnyín tún ti ń bò wọ́n. Mo ti táàpù pa.