Iṣẹ́ Tí Akínlabí Ń Ṣe Gan-an

"Bàbá Mardiyah, tí wọ́n bá pè yín ní Prof, ẹ ṣáà dá wọn lóhùn," Serifat wí. "Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé kankan o."

Inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí, níwájú ilé Engineer Kareem ní Saddle Ridge, ní Alberta. Akínlabí ti pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ìwé tí ó wá gba ìfọwọ́sí sí wà nínú fáìlì dúdú kan lórí itan rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni, snow ṣì ga lẹ́bàá ọ̀nà, ilé mẹ́rin ló sì ní pátákó "For Sale" níwájú lójú òpópónà yẹn nìkan.

"Ọmọ wọn ni mo wá gbà lọ sí ẹgbẹ́ baseball wa," Akínlabí wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn tí mi ò ní sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe?"

"Ẹ sọ pé school ló rán yín. Àbí school kọ́ ló rán yín ni?"

"School ló rán mi."

"Ẹ̀hẹ́n. Irọ́ wo ló wá wà níbẹ̀?"

Irọ́ ọ̀hún ti pé ọdún kan, ó sì ti sanra dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iléeṣẹ́ tí Akínlabí ti ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe fún ọdún mẹ́fà pe ogójì ènìyàn sínú yàrá kan láàárọ̀. Kí tíì tó tutù, wọ́n ti fún kálukú ní páálí tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sí. Akínlabí kò sunkún lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ mìíràn wà tó ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ní college kékeré kan ní gúúsù ìlú, ibẹ̀ ló sì gbà lọ.

Ẹni tí kò bá mọ baseball, ẹ jẹ́ kí n là á yé e ní ṣókí. Ẹnì kan á dúró láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á di igi mú níwájú rẹ̀, á fẹ́ gbá a. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù yẹn ni pitcher, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo eré wà. Ìlú Ìlọrin ni Akínlabí ti kọ́ ọ láti kékeré, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá football tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ju bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ Kwara títí apá rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí Caroline, ọ̀gá eré ìdárayá ní college náà, rí bí àwọn ọmọ ṣe ń fetí sí i, kò jẹ́ kí oṣù kan kọjá lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró tó fi gbà á síṣẹ́ gidi. Ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn pitcher, tó sì tún ń wá àwọn ọmọ tuntun kiri. Láti ìgbà náà, kò sí pápá tí Corolla rẹ̀ kò mọ̀, láti ìlú Red Deer dé Medicine Hat.

Inú rẹ̀ dùn. Ojú ló ń ti Serifat ní tiẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Yorùbá wọn bi í ní ìpàdé ní New Brighton pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ rí, ẹnu rẹ̀ kò gbà á kó sọ pé bọ́ọ̀lù ló ń kọ́ àwọn ọmọ jù. "Ó ti di lecturer," ló wí. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í fi oyè du ẹni wa. Kí ìpàdé kejì tó pé, Akínlabí ti di Dókítà. Nígbà tí yóò fi di ọdún Iléyá, ó ti di Prof, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé tó kọ.

Ní báyìí, àwọn iléeṣẹ́ epo tó ń ran ẹgbẹ́ baseball náà lọ́wọ́ ti kógbá sílé. Ní ọjọ́bọ̀, Caroline ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ní nínú coach méjì tó wà lábẹ́ ọ̀gá, ẹnì kan yóò lọ ní òpin April. "Get me that lefty, Akin," ó wí, "and I can fight for you." Pitcher tó ń fi ọwọ́ òsì jù ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ a máa da àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lójú rú. Ní gbogbo Alberta lọ́dún yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ojú Akínlabí rí tó wù ú. Abdulqudus Kareem ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé fún un kó tó di Monday.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," Serifat wí. "Òtútù yìí ò dáa."

Afusat, ìyàwó Engineer Kareem, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Engineer náà ti dìde dúró ní parlour. Ó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, jákẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ epo tó dá a dúró láti bí oṣù mẹ́jọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Akínlabí bẹ̀rẹ̀ kí ó kí i, ó na ọwọ́ kan ó fi kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà yára gbá a mú léjìká.

"Rárá o, Prof. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìmọ̀ ju orí ewú lọ. Ẹ jókòó, ẹ jókòó síbí."

Àga tirẹ̀ gan-an ló fi Akínlabí jókòó sí. Afusat gbé mọ́ínmọ́ín àti zobo wá.

"Ọlọ́run ló rán yín sí wa," Engineer Kareem wí. "Nígbà tí ẹ pè pé ẹ ń bọ̀ nítorí Abdulqudus, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé àdúrà ti gbà. Ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́ máa jù. Wọ́n ní coach kan níbì kan ló ń tàn án. Ọwọ́ òsì ló tún ń fi jù ú o, ọwọ́ tí mo nà títí nígbà tó wà ní kékeré kó má baà fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Prof, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, á gbà."

Serifat tẹjú mọ́ mọ́ínmọ́ín iwájú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Abdulqudus!" bàbá pè. "Come upstairs. Prof is here."

Ọmọ náà gòkè wá láti basement, ó ga, apá rẹ̀ gùn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Good afternoon, sir. Good afternoon, ma."

Láti August tí wọ́n ti mọra, kò sí Saturday kan tí kò pe Akínlabí ní Coach. Lónìí kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ Prof lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó wo Akínlabí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nílé kì í tú àgbà fó láàárín àwùjọ. Ó bá a bo àṣírí náà mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ jí nǹkan gbé.

Ohun tó dun Akínlabí nìyẹn. Òun tó fẹ́ kí ọmọ yìí fi ọwọ́ rẹ̀ yangàn, òun náà ló tún ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Ó rò ó pé tí òun bá fi oyè olóyè gba ìfọwọ́sí yìí, ojú wo ni òun yóò fi wò ó lórí pápá? Ó dìde kúrò lórí àga náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe Prof. Mi ò ṣe lecturer rí. Coach tí wọ́n ní ó ń tan ọmọ yín, èmi ni. Pitcher ni mò ń kọ́ ní college, èmi náà ni mo sì ń wá wọn kiri. Ọwọ́ òsì ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Engineer Kareem kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó bá òun rín in, ó tẹjú mọ́ Akínlabí.

"Ìwọ?" ó wí. "Ìwọ tí mo dìde fún lọ́jọ́ Iléyá? Ìwọ tí a ní kó o ṣàdúrà fún àwọn ọmọ tó ń ṣe exam?"

"Mo ṣàdúrà náà, sir."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a."

"Ọdún kan péré ni tiwa, ẹ̀gbọ́n."

Afusat fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, Serifat ló kọjú sí. "Ìyàwó, ṣebí ìwọ lo sọ fún gbogbo wa?"

"Èmi ni, sir," Serifat wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Kò rán mi."

"Dad," Abdulqudus wí, "he's the best pitching guy in the province. Everybody knows Coach Akin. Three of his guys are playing in the States right now. One of them, nobody wanted him. Nobody."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀."

Akínlabí kò padà jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń yan ọmọ. Kì í ṣe ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yá jù ni mò ń wò. Mo máa ń dúró kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dànù ni. Ní August, wọ́n gbá ti Abdulqudus kọjá ògiri pápá. Ọmọ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, á máa wo ojú coach rẹ̀. Ọmọ yín gba bọ́ọ̀lù mìíràn, ó sì jù ú sí ojú ibi kan náà. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n tọ́ eléyìí nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lápá. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ ni mo rí."

Afusat fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

"Bọ́ọ̀lù ò lọ́jọ́ iwájú," Engineer Kareem wí. "Engineering ni mo fẹ́ kó kà, kó rí iṣẹ́ epo..." Kò parí rẹ̀. Ó wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà ní àyà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò kàn nínú yàrá náà.

"Á ka engineering náà, sir," Akínlabí wí. "Bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ jẹ́ kó kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìwé yìí ló wà."

"Kí ó jù ú kí n rí i," bàbá náà wí níkẹyìn.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n lọ, ní ọ̀nà tóóró tí wọ́n ti kó snow sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akínlabí mú bọ́ọ̀lù àti ìbọ̀wọ́ ńlá rẹ̀ nínú boot ọkọ̀, ó ká kaftan rẹ̀ sókè, ó lóṣòó. Engineer Kareem dúró lẹ́yìn rẹ̀. Serifat wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Afusat. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò lọ wò ó rí. Tí Serifat bá ti bọ́ lẹ́nu shift iṣẹ́ tirẹ̀, oorun ló ń wá.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ṣe pàá nínú ìbọ̀wọ́. Engineer Kareem fò sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ sápá òsì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta gasókè jù, ó ba gáréèjì aládùúgbò.

"Sorry, Coach," ọmọ náà wí. "It's freezing."

"Òtútù kọ́. Your foot. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Má kánjú, apá mọ ọ̀nà."

Abdulqudus mí, ó gbé ẹsẹ̀, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù náà wọ àárín ìbọ̀wọ́ gẹ́lẹ́, Akínlabí kò sún ọwọ́ rárá. Ó da á padà, ọmọ náà tún jù ú sójú ibẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin.

Engineer Kareem tẹ̀ síwájú. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ̀rọ ṣe láyé rẹ̀, ó mọ̀ tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ibi tó yẹ. "Kí lo sọ fún un?"

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, sir."

"Ìyẹn nìkan?"

"Iṣẹ́ náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kéèyàn mọ èyí tó máa sọ."

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀ tó ń mí èéfín sínú òtútù, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n wọlé. Ó ka gbogbo ojú ewé ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí engineer ṣe ń kàwé, ó sì fọwọ́ sí i.

"Mo ti ṣe tèmi," ó wí, ó ti bíírò bọ àpò. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ru irọ́ yìí wọ ìpàdé. Ní Sunday, kí o dìde kí o sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ."

"Màá sọ ọ́, sir," Akínlabí wí.

"Ẹ má sọ nǹkan kan," Serifat wí. Ó ti mú fóònù jáde nínú báàgì. "Èmi ni mo dì í, èmi ni mo máa tú u." Ó wá ojú ìwé WhatsApp àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ọgọ́rin ènìyàn ó lé. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀ sí i, ohùn rẹ̀ kò sì kéré mọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Serifat ni o, ìyá Mardiyah. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi kì í ṣe Prof, kì í ṣe lecturer. Irọ́ ni mo pa, torí ojú ń tì mí nígbà tí wọ́n dá a dúró. Coach ni. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ló ń kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara mi rí i ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ Engineer Kareem sí college wọn lónìí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ju òkò fọ́ wíńdò nínú ilé, kó má nà án mọ́. Kó pè mí."