Ọwọ́ Tó Wà Lórí Òṣùwọ̀n

Kò-Pé ni gbogbo àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n tajà ń pè é, bí orúkọ náà sì ti ta létí tó, òun fúnra rẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ti fi ń gbé àpótí irin ìwọ̀n kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò fún ìjọba. Ó ti rí òṣùwọ̀n tí a lẹ òjé mọ́ lábẹ́. Ó ti rí èyí tí okùn tín-ín-rín ń fà láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Nítorí náà, ojú ìfura ni ó fi wo ìwé ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi ń wọn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìyàwó rẹ̀ ti le tó. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni. Aláìsàn yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo bí nǹkan náà kò bá yọ ọ́ lẹ́nu rárá, títí dé mẹ́ta bí ó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́. A ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìkẹsàn-án, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń rọ ohùn kà, ń béèrè bóyá ó ń ṣe aláìsàn bíi pé ikú sàn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ogún ni obìnrin náà gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó ti ń lo oògùn, ó di mọ́kànlá. Lónìí, mẹ́rin péré.

"Ẹ kú oríire, Bàbá!" ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí dókítà bá ti rí mẹ́rin yìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù títí wọ́n á fi dá a dúró. Ẹ ò ní máa pààrà ọ̀dọ̀ wa mọ́."

Kò-Pé kò rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìyàwó rẹ̀ jókòó ní etí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan ní ẹsẹ̀, ìkejì ní ọwọ́. Tíì tí ọkọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un ti tutù kí ó tó rántí wọ ìkejì. Ṣé bí ẹni tí ó gba mẹ́rin ti ń ṣe nìyẹn? Bí a bá dá oògùn dúró nígbà tí àìsàn ṣì ń bẹ, ta ni yóò fà á padà ní etí kòtò?

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n yìí kò pé."

"Háà, Bàbá! Àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀bẹ̀ kí tiwọn wálẹ̀, ẹ̀yin ń bá tiyín jà pé ó wálẹ̀."

"N kò bá a jà. Mo ní kò pé." Ó nàka sí àwòrán kan lára ògiri. "Iye àwọn tí ara wọn ti yá ni ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, àbí? Ta ni wọ́n ń yìn bí iye náà bá pọ̀?"

Ojú nọ́ọ̀sì le. "Ẹ̀sùn nìyẹn o, Bàbá." Ó ti ìwé àti bíró sí i. "Ẹ rò ó fúnra yín."

Ó rò ó láti òkè sí ìsàlẹ̀, ó tún rò ó láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Mẹ́rin ni. Ó gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé, bóyá ẹnìkan ti pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí.

"Ẹ tún bi í léèrè, kí etí mi gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ní ara mi ti yá, ẹ̀yin ní kò yá. Ṣé ẹ fẹ́ máa fi mí dúnàádúrà ni?"

Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé oorun yín ń ṣe ségesège?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ yí ojú wo ọkọ rẹ̀. "Òdo."

"Ṣé ẹ ń rí ara yín bí ẹni tó já ẹbí rẹ̀ kulẹ̀?"

Ó tún wò ó. "Òdo."

Kò-Pé rí i. Ó mọ ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹtajà ṣe máa ń wo ojú rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bá ń mì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó fẹ́ kí ó dúró. Ó rántí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gba mọ́kànlá: òun pe àwọn ọmọ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ìyá wọn ti ń bọ̀ sípò, pé nígbà tó ń bọ̀, kò ní kọjá márùn-ún. Nínú ọkọ̀ ní àárọ̀ yìí pàápàá, ó ti fi ẹ̀rín sọ fún un pé, "Ìyá àwọn ọmọ, má dójú tì mí o."

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí òun kì í fojú fò dá: bí òṣùwọ̀n bá wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara tì í, ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò pàápàá yóò ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Èjìká ìyàwó rẹ̀ ni ó wà láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ibẹ̀ náà ni ó wà ní ọjọ́ tí mọ́kànlá jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, tí ogún jáde, ni òun wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.

Ó gbé ọwọ́ náà kúrò bí ẹni tí iná jó. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bi í ní gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Èmi ń jáde."

"Níbo lẹ tún ń lọ?"

"Ibi tí n kò ti ní fara kan tábìlì."

Ó jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí etí rẹ̀ kò lè dé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀rín ti kúrò lójú nọ́ọ̀sì.

"Mẹ́tàdínlógún," ni ó wí. "Ìkẹsàn-án kì í sì í ṣe òdo. Dókítà gbọ́dọ̀ rí Màmá kí ẹ tó kúrò níbí. Kò sẹ́ni tó máa dín oògùn kankan kù."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, omijé lójú. "Ẹ má bínú, Bàbá àwọn ọmọ. Inú yín dùn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé bí mo bá ń pe òdo, òdo náà á bá wa délé."

Kò-Pé, ẹni tí kò yin òṣùwọ̀n kan lójú ẹni tó ni ín rí, mi orí bí ẹni tó gbà.

"Ó pé," ni ó wí. "Èmi ni kí o forí jì, Ìyá àwọn ọmọ. Ẹ̀yin náà, Nọ́ọ̀sì, ẹ forí jì mí."

Ó bá ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Obìnrin náà fẹ́ kí ó tẹ̀ lé òun wọlé. Ó dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Wọlé, Ìyá àwọn ọmọ. Bó ṣe rí gan-an ni kí o sọ ọ́. Mo wà níta níbí."