Gééjì Tó Gbẹ

Lójú Rufus kòrókòró ni Clement ṣe fa gééjì ọ́ìlì, irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ lára ẹ́ńjìnnì Píjò 404 Tíṣà Nathaniel, tó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó gbé e sókè kí Ọ̀gá Kamaldeen lè rí i.

"Ọ̀gá, ó gbẹ," ni Clement wí. "Ẹ wò ó. Rufus kò da ọ́ìlì kankan sí i."

Ẹ̀bá títì ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, lórí òkè Ọ̀kà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dè tán ní Ìkàrẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá níbi tí Rufus àti Clement ti ń kọ́ṣẹ́. Clement ló de pọ́ǹpù ọ́ìlì, Rufus ló da ọ́ìlì sí i. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gan pa. Rufus la ẹnu kó sọ ohun tó rí, àmọ́ ìgbátí Ọ̀gá ti balẹ̀ sí i létí. Inú bí Tíṣà, ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa gbàgà, ó ní ọwọ́ mẹkáníìkì kankan kò tún ní kan ọkọ̀ òun títí òun yóò fi kú. Wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sílé rẹ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà.

Oṣù kan péré ló kù kí Rufus gba fúrídọ̀mù. Ọ̀gá lé e. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé e lórí, kò sẹ́ni tó gbé sípánà lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn òbí rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó parí. Ọdún márùn-ún ni òun àti Clement fi sùn lórí ẹní kan náà. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà. Láti ọjọ́ náà, Gbàgbé-Ọ́ìlì lorúkọ tí Ìkàrẹ́ sọ Rufus. Ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, síbẹ̀ oníbàárà kan yóò ṣáà rẹ́rìn-ín kó tó wa ọkọ̀ lọ: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rántí ọ́ìlì o!"

Ọdún mẹ́tàdínlógójì nìyẹn. Pírámárì fọ́ọ̀ ni Rufus kà dé kó tó kúrò nílé ìwé, nítorí náà kò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kankan. Orí ló kọ ọ́ sí, kò sì pa lẹ́tà kan rẹ́ níbẹ̀. Bí Clement bá gba ẹnu ọ̀nà kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Rufus yóò gba èkejì jáde. Nígbà tí wọ́n fi Clement ṣe alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, Rufus kò tún dé ìpàdé mọ́.

Lọ́jọ́ kan ló gbọ́ pé Tíṣà Nathaniel ti kú, àti pé Christiana ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò dúró jẹun. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà.

"Màmá Ẹwàolúwa, ẹ má tíì tà á," ló wí fún Christiana. "Ẹ jẹ́ kí n tú u. N kò ní gba kọ́bọ̀."

Christiana wò ó títí. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Gbàgbé-Ọ́ìlì?"

"Èmi ni."

"Bàbá mi kò fi rere dárúkọ yín rí o."

"Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn."

Obìnrin náà mú kọ́kọ́rọ́ gáréèjì fún un.

Ohun tí Rufus kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ọ̀ǹpù, àwo irin tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì dúdú rọra yọ́ jáde, ó kún kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin. Rufus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù tó padà wálé.

Àmọ́ ìròyìn kì í pẹ́ dé Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Clement dé.

"Rufus, òkú lo tún wá ń hú báyìí?"

"Òkú tí ọ̀rọ̀ bá kù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n máa ń hú u."

"Irin yẹn kò lè yí mọ́ láéláé. Fi òòlù fọ́ ọ, kí obìnrin yìí rí i tà."

Rufus na ìka sí kẹ́ẹ̀gì. "Gééjì tó gbẹ ló bí èyí. Wò ó dáadáa, Alága."

Clement wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo òrùlé. "Ta ló mọ ìgbà tí o dà á sí i? Ṣebí ìwọ lo ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Rufus ju ìgbátí ọjọ́sí lọ, nítorí ó mọ̀ pé ará ìlú yóò gba Alága gbọ́. Ọ́ìlì nìkan kò tó ẹlẹ́rìí. Àfi kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sọ ohun tó pa á.

Ó tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò. Ó po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì jíà, ó dà á lé písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Láràárọ̀ ló ń gun ọ̀kadà wá bù kún un. Kò fi òòlù kàn án. Rufus kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀sọ̀ fún ènìyàn, àmọ́ irin mọ̀ ọ́n sí onísùúrù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ki irin ìyí-ẹ́ńjìnnì bọ iwájú ọkọ̀, ó fà á sápá òsì díẹ̀, ó fà á sápá ọ̀tún díẹ̀. Kò mì. Ó tún bu òróró sí i, ó tún fà á. Nǹkan kan dún kín-ún nínú lọ́hùn-ún. Kó tó di ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì náà ti yí po lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá sọ sọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀, ó tú pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti dí. Ó fi wáyà fa ohun tó dí i jáde.

Àkísà ni.

Mẹkáníìkì máa ń fi àkísà dí ihò bẹ́ẹ̀ kí iyanrìn má baà wọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó de pọ́ǹpù padà. Nítorí irú àṣìṣe yìí ni Ọ̀gá Kamaldeen fi ṣòfin pé kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àkísà wá láti ilé ìyá rẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Rufus fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Dúdú ṣí kúrò, pupa yọ, òwú yẹ́lò tín-ín-rín là á láàárín. Aṣọ híhun ni. Ìyá Clement nìkan ló ń fi yẹ́lò la pupa lórí òfì ní gbogbo àdúgbò wọn.

Ó ti rò pé ìlara ni. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi rò pé nítorí pé ọwọ́ òun yá ju ti Clement lọ ni. Kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kàn fi òun dí ihò ni, bó ti fi àkísà dí i.

Ó ní kí Christiana pe Clement lórí fóònù, kó sọ pé òun ti ṣe tán láti ta irin náà fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Clement sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó rí ohun tí Rufus sá sórí okùn níwájú gáréèjì. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Irin náà dà?" ló béèrè.

"Kọ́kọ́ wo aṣọ yẹn."

"Àkísà ni."

"Àkísà ta ni?"

Christiana ń wo àwọn méjèèjì. "Alága, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Níbo lo ti rí i?" ni Clement bi Rufus.

"Nínú ihò tí ìwọ de pọ́ǹpù lé. Wí pé èmi ni mo tì í bọ̀ ọ́. Màmá rẹ ti kú láti ọdún tó tẹ̀lé e. Wí pé mo lọ jí i ká lára wọn nínú sàréè!"

Clement sún mọ́ okùn. Ó fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú. "Màmá fúnra wọn ló gé e fún mi."

"N kò bi ọ́ ní ti Màmá. Ọmọ Tíṣà rèé. Òun ni kí o sọ fún."

Clement ṣí fìlà. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mẹ́fà ni àkísà mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ló wí. "Nígbà tí ọkọ̀ kú lórí òkè, mo kà wọ́n, wọ́n ku márùn-ún. Mo mọ ibi tí ìkẹfà wà. Ẹ̀rù bà mí. Mo nu gééjì. Kò gbẹ tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì kún inú ẹ́ńjìnnì."

"Ta ló dà á sí i?" ni Rufus bi í.

"Rufus ni."

"N kò gbọ́. Àwọn tó ń pè mí ní Gbàgbé-Ọ́ìlì kò gbọ́."

Clement gbójú sókè. Àwọn aládùúgbò ti ń yọrí lójú fèrèsé.

"Rufus da ọ́ìlì sí i!" ló ké. "Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì yìí, mo sì purọ́ mọ́ ọn!"