Téèpù Ọrùn Ẹ̀gbọ́n

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni pẹ̀lú. Níbi méjèèjì, bó bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà ìṣirò tó ń gbé ìlú míì, fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kó fi rán ẹ̀wù fún òun. Nígbà tó wá gbé ẹ̀wù náà wọ̀, ṣe ló ń yọ̀ lọ léjìká rẹ̀.

"O ò mọ ara ẹ wọ̀n," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Ọdún mẹ́wàá ni téèpù yìí ti wà lọ́rùn mi. Aṣọ ta ni kò bá a mu rí?"

Àbúrò tọrọ téèpù náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onírin gígùn tó mú wá. Téèpù ti nà. Ogójì ìǹṣì tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjìlélógójì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ fi ń wọn àwọn oníbàárà náà lẹ fi ń gé aṣọ wọn. Irọ́ ló ń jẹ́rìí fún irọ́, ìyẹn ló fi ń bára mu. Ìwọ̀n tèmi nìkan ló ti ìta wá."

"Jókòó jẹ́ẹ́, jàre!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n gan-an ló jókòó. Àràárọ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run kó yẹ ọkàn òun wò. Kó tó ṣe Àmín, á ti fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tán, kò sì ní rí àbùkù kankan.

Ó fẹ́ gbé téèpù padà sọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Olúwa," ó ní, "abájọ tí mo fi máa ń bá ara mi mu."